RTM lórí láptọ́ọ̀pù: bẹ́ ẹ ṣe lè fi ìgbì ya àwòrán abẹ́ ilẹ̀, láti Ìjẹ̀bú dé Rẹ́mọ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka jìófísíìsì ní Àgọ́-Ìwòyè, àti ẹ̀yin ará ilé tẹ́ ẹ kàn fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń rí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ láì tíì gbẹ́ ẹ. Ìbéèrè tó ń wọlé jù ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé láptọ́ọ̀pù tèmi yìí lè gbé e?" Ó lè gbé e jàre. RAM 8 GB, Python (èdè tá a fi ń kọ kóòdù), NumPy (irinṣẹ́ ìṣirò inú ẹ̀), ó tán. Ẹni tí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ ti gbó lè lọ sórí Google Colab, ọ̀fẹ́ ni, dátà fóònù nìkan ló máa ná an. Ohun tá a fẹ́ ṣe ni reverse-time migration (dídá ìgbì padà sẹ́yìn láti rí ibi tó ti ta padà lábẹ́ ilẹ̀), RTM ni gbogbo wọn ń pè é, a ó sì kọ ọ́ fúnra wa láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá kàn ń tẹ bọ́tìnnì sọ́fítíwià ò ní mọ ìgbà tí sọ́fítíwià ń purọ́ fún un.

Kí n ti yáa sọ èyí tó ń dùn mí kó tó di pé a bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí ọ̀nà wo ló dáa jù, Kirchhoff (ọ̀nà tó ń tẹ̀lé ìtànṣán ìgbì) ni àbí RTM ni, bẹ́ẹ̀ eré tẹ́ ẹ sọ pé ìgbì ń sá lábẹ́ ilẹ̀ ló ń pinnu ohun tẹ́ ẹ máa rí, ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ gbà. Tí eré yẹn bá ti wọ́, àwòrán á wọ́, á sì tún máa dán gbinrin bí ẹni pé òótọ́ ni, ibẹ̀ gan-an lewu ẹ̀ wà. Ìdí nìyẹn tá a ó fi kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tí àwa fúnra wa dá, ilẹ̀ tá a ti mọ ìdáhùn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ká tó lọ fọwọ́ kan dátà gidi.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ́kọ́ lóye ohun tí RTM ń ṣe

Ẹ wò ó báyìí. Ọlọ́kadà kan gbé ẹrù kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbì kan lójú ọ̀nà ó gbé ẹrù yẹn fún ọlọ́kadà kejì, ẹni kejì gbé e dé Àgọ́-Ìwòyè. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n ti pàdé fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ mọ aago tí ẹni àkọ́kọ́ gbéra, ẹ mọ aago tí ẹni kejì dé, ẹ sì mọ eré táwọn méjèèjì ń sá. Ẹ jẹ́ kí ẹni àkọ́kọ́ máa lọ síwájú, ẹ dá ẹni kejì padà sẹ́yìn pẹ̀lú aago tó ń ká sẹ́yìn, ibi táwọn méjèèjì bá ti wà lójú kan náà ní aago kan náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́rù fúnra wọn. Tí eré tẹ́ ẹ lò ò bá dáa, ẹ máa tọ́ka sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò dúró sí rárá.

Ìgbì tó ti ibi tẹ́ ẹ ti fi òòlù lu ilẹ̀ jáde ni ọlọ́kadà àkọ́kọ́, èyí tí jìófóònù (ẹ̀rọ tó ń gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì) gbọ́ lórí ilẹ̀ ni ẹlẹ́ẹ̀kejì, ibi tí wọ́n ti pàdé sì ni ojú ìpele tó ta ìgbì padà. Jon Claerbout ló gbé òfin ìpàdé yìí kalẹ̀ lọ́dún 1971. Lọ́dún 1983 ni Baysal àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, McMechan, àti Whitmore gbé RTM fúnra ẹ̀ jáde, olúkúlùkù lọ́nà tiẹ̀, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn ò lè gbé e fún iṣẹ́ ńlá, ó tó nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn káwọn ilé iṣẹ́ epo tó máa lò ó dáadáa, pàápàá lábẹ́ àwọn òkè iyọ̀ inú Gulf of Mexico níbi tí ọ̀nà ìtànṣán ti ń dojú rú. Kirchhoff ń tẹ̀lé ìtànṣán, RTM ń yanjú ìdọ́gba ìgbì fúnra ẹ̀ láì gé e kúrú, òun ló rọrùn jù láti kọ, òun náà ló wúwo jù láti rán níṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ dá ilẹ̀ tiyín

Ẹ̀yin ará wa, ilẹ̀ tiwa yìí ní ìtàn tó dáa fún ẹ̀kọ́ yìí. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, àpáta líle àtijọ́ ò jìn, ibòmíì ẹ̀ ẹ á rí i tó yọrí síta. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, tẹ́ ẹ tún ń lọ sápá Ẹ̀pẹ́ àti ọ̀sà, yanrìn àti amọ̀ agbada Dahomey (kòtò ńlá inú ilẹ̀ tí yanrìn àti amọ̀ ti kún) ti bo àpáta yẹn mọ́lẹ̀, ó sì ń jìn sí i bẹ́ ẹ ṣe ń lọ síhà gúúsù. Ní Ṣàgámù lápá Rẹ́mọ, òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà fi ṣe sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀. Lápá ìlà oòrùn Ìjẹ̀bú, yanrìn tí ọ̀dà bítúmẹ́nì wà nínú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gba Oǹdó kọjá lọ sí Ẹdó.

A ó fi èyí ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ má lọ sọ fún ẹnikẹ́ni pé bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣe rí gan-an nìyí o, àfọwọ́dá ni, mo tiẹ̀ jẹ́ kí dídagun àpáta ẹ̀ pọ̀ ju ti gidi lọ kójú lè rí i. Ìbú 2000 mítà, jíjìn 1000 mítà, apá òsì ni àríwá, apá ọ̀tún ni gúúsù. Ìpele òkè jẹ́ yanrìn, eré ìgbì nínú ẹ̀ 1800 mítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ó dé 300 mítà. Ìpele àárín 2600. Àpáta ìsàlẹ̀ 5000, ó bẹ̀rẹ̀ láti 500 mítà lápá òsì ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ gbọnrangandan títí dé 750 mítà lápá ọ̀tún. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ẹyọ nǹkan kékeré kan sáàárín, níbi 1000 mítà ní ìbú àti 420 mítà ní jíjìn, pọ́ìntì mẹ́ta sí mẹ́ta péré, eré ẹ̀ 3500. Ẹ má fi ẹyọ yìí sílẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló máa ṣe fún wa lẹ́yìn.

Ẹ fi pọ́ìntì kan sí mítà 5 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn á jẹ́ 401 ní ìbú àti 201 ní jíjìn. Ẹ lo float32 (nọ́ńbà báìtì mẹ́rin), ẹ má lo float64 (báìtì mẹ́jọ), ẹ ò nílò ẹ̀, RAM lásán ló máa jẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó kọ kóòdù

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń fò kọjá, tí wọ́n á wá máa pariwo pé àwọn ń rí NaN (àmì pé ìṣirò ti dàrú). Nǹkan méjì ni.

Àkọ́kọ́, ìgbì tó kúrú jù gbọ́dọ̀ ní pọ́ìntì tó pọ̀ tó nínú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìrù á máa yọ lẹ́yìn ẹ̀, ẹ ó sì rò pé ìpele tuntun ni. Ariwo Ricker tá a fẹ́ lò (ìgbì kúkúrú tó dúró fún òòlù tá a fi lu ilẹ̀), òkè ẹ̀ wà ní 20 Hz, ẹ ka fríkúẹ́ńsì tó ga jù nínú ẹ̀ sí nǹkan bí ìlọ́po méjì ààbọ̀, ìyẹn 50 Hz. Eré tó lọ́ra jù, 1800, ẹ pín in sí 50, ẹ rí mítà 36. Mítà 36 sí pọ́ìntì mítà 5, ó lé ní pọ́ìntì méje. Tẹ́ ẹ bá lo Laplacian ìpele kẹrin (Laplacian ni ìṣirò bí ìgbì ṣe tẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan, ìpele níbí ni bó ṣe péye tó, kì í ṣe ìpele ilẹ̀), márùn-ún ti tó, a ti yege. Ẹni tó bá lo ti ìpele kejì máa nílò mẹ́wàá, ẹ ò rí i pé ìpele kẹrin ló sàn.

Ìkejì, ìgbésẹ̀ aago. Ìgbì ò gbọ́dọ̀ sáré kọjá ohun tí gíríìdì (àwọn pọ́ìntì tá a tò yẹn) lè gbà. Fún ìpele kẹrin ní 2D, dt (ìgbésẹ̀ aago) ò gbọ́dọ̀ ju 0.612 lọ́nà dx (àlàfo pọ́ìntì kan sí èkejì), kí ẹ pín in sí eré tó yá jù. Ìyẹn 0.612 lọ́nà 5, ẹ pín in sí 5000, ó fún wa ní 0.000612 sẹ́kọ́ńdì. Ẹ lo 0.0005. Ẹ ṣàkíyèsí pé eré tó lọ́ra jù ló ń pàṣẹ fún dx, eré tó yá jù ló ń pàṣẹ fún dt, àwọn kan máa ń dà á pọ̀.

Ìgbì tó lọ sísàlẹ̀ 750 mítà tó sì padà máa lò tó 0.68 sẹ́kọ́ńdì tó bá lọ tààrà, àwọn tó gba ẹ̀gbẹ́ á pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ gbà á sílẹ̀ fún 1.2 sẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ìgbésẹ̀ 2400.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kóòdù ìgbì

Gbogbo wàhálà RTM ò ju ìlà márùn-ún yìí lọ. Àwòrán mẹ́ta lẹ máa ní lọ́wọ́: ti àná, ti òní, ti ọ̀la.

lap = laplacian4(oni, dx)
ola = 2*oni - ana + (ere*dt)**2 * lap
ola[zs, xs] += dt**2 * ricker[k]
ola *= kanrinkan; oni *= kanrinkan
ana, oni = oni, ola

zs àti xs ni jíjìn àti ìbú ibi tẹ́ ẹ ti lu ilẹ̀, k ni ìgbésẹ̀ aago tẹ́ ẹ wà. Nínú laplacian4, nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa lò lójú kọ̀ọ̀kan ni -1/12, 4/3, -5/2, 4/3, -1/12, ẹ ṣe é ní ìbú, ẹ ṣe é ní jíjìn, ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ pín in sí dx lọ́nà dx. Ẹ fi gígé array ṣe é o, ẹ má lo for loop lórí pọ́ìntì kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá lo for loop ẹ lè lọ jẹ ìkọ́kọrẹ́ kẹ́ ẹ padà wá kó má tíì parí ṣọ́ọ̀tì kan (lílu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan).

Ricker náà, ẹ sún un síwájú díẹ̀ kó má bàa bẹ̀rẹ̀ láàárín òkè ẹ̀, 0.06 sẹ́kọ́ńdì dáa fún 20 Hz.

Kànrìnkàn tẹ́ ẹ rí nínú kóòdù yẹn ni ohun tó ń mu ìgbì ní etí gíríìdì. Ilẹ̀ gidi ò ní etí, gíríìdì yín ní etí, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbì á dé etí á gbá padà wọlé, á sì ba gbogbo nǹkan jẹ́. Cerjan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbé e jáde lọ́dún 1985: ẹ fi pọ́ìntì kún ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ máa fi nọ́ńbà tó fi díẹ̀ dín sí 1 sọ ọ́ dipúpọ̀ ní gbogbo ìgbésẹ̀. Tiwọn jẹ́ pọ́ìntì 20, èmi máa ń fi 60 sí i. Nọ́ńbà ẹ̀ ni exp(-(0.005*i)**2), i ni iye pọ́ìntì tẹ́ ẹ ti wọ inú kànrìnkàn. Ẹ má sọ pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó lágbára gan-an kó lè tètè mu ún o, tó bá ti le jù, kànrìnkàn fúnra ẹ̀ á di ògiri, á máa ta ìgbì padà. Gíríìdì wá di 521 sí 321. PML (ọ̀nà míì láti mu ìgbì létí gíríìdì) dára ju èyí lọ, ẹ lè lọ kọ ọ́ tó bá yá, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó lọ síwájú, ẹ ṣe ìdánwò kékeré kan. Ẹ fi eré kan ṣoṣo, 1800, kún gbogbo ilẹ̀, ẹ lu ú láàárín, ẹ ya àwòrán oni lẹ́yìn ìgbésẹ̀ 600. Tẹ́ ẹ bá yọ 0.06 ti Ricker kúrò, ó ku 0.24 sẹ́kọ́ńdì, òrùka tẹ́ ẹ máa rí gbọ́dọ̀ wà ní 432 mítà sí àárín. Tí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tó bá ní igun bíi dáyámọ́ńdì, kóòdù yín ò tíì dáa, ẹ má tẹ̀ síwájú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣe dátà

Ẹ lu ilẹ̀ ní mítà 50 sí 50, láti 0 dé 2000, ìyẹn ṣọ́ọ̀tì 41. Rìsífà (jìófóònù wa nínú kọ̀ǹpútà) wà ní gbogbo pọ́ìntì, 401, ní jíjìn mítà 10. Fún ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ rán an lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan nínú ilẹ̀ tẹ́ ẹ dá, ẹ̀ẹ̀kan nínú ilẹ̀ tó jẹ́ 1800 látòkè délẹ̀. Ẹ yọ èkejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ohun tó máa kù ni ìgbì tó lọ sísàlẹ̀ tó padà, ìgbì tó kàn sáré gba ojú ilẹ̀ lọ tààrà sí rìsífà á ti lọ. Ìgbì tààrà yẹn lágbára gan-an, tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ á kun gbogbo òkè àwòrán yín.

Ẹ fi ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan pamọ́ sí fáìlì tiẹ̀ bó bá ṣe ń parí, np.save, kóòdù sì gbọ́dọ̀ wò ó bóyá fáìlì yẹn ti wà kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ mọ ibi tá à ń gbé. Iná á lọ, báírì á kú, ẹ ò ní fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ nígbà tẹ́ ẹ ti dé ìkẹtàlélọ́gbọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ jẹ́ kí eré yín dán

Ẹ má fi ilẹ̀ tó ní ojú ìpele tó mú ṣinṣin ya àwòrán o. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìgbì tó ń lọ sísàlẹ̀ fúnra ẹ̀ á máa ta padà níbi ìpele, á wá máa pàdé ìgbì kejì lójú ọ̀nà, ẹ ó rí àbàwọ́n ńlá lókè gbogbo ìpele. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí dátà gidi ò mọ ibi tí ìpele wà, ohun tó ń wá gan-an nìyẹn. Ẹ mú eré yín, ẹ fi gaussian_filter inú SciPy pa á rẹ́, sigma 10 pọ́ìntì. Ṣùgbọ́n 1 pín sí eré ni kẹ́ ẹ pa rẹ́, kì í ṣe eré fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti parí kẹ́ ẹ tún yí i padà. Aago tí ìgbì ń lò lójú ọ̀nà ló ṣe pàtàkì, ọ̀nà yìí ló ń dá aago yẹn sí.

Ìgbésẹ̀ keje: ìpàdé

Fún ṣọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ rán ìgbì sọ̀ kalẹ̀ nínú eré tó ti dán, láti ìgbésẹ̀ 0 dé 2399, ẹ máa fi àwòrán oni pamọ́ sínú RAM. Tẹ́ ẹ bá fi gbogbo ẹ̀ pamọ́, 401 lọ́nà 201 lọ́nà báìtì mẹ́rin lọ́nà 2400, ó sún mọ́ 774 MB, láptọ́ọ̀pù 8 GB á gbà á ṣùgbọ́n á máa mí gúlegúle. Ẹ ò nílò gbogbo ẹ̀. Fún 50 Hz, ẹ̀ẹ̀kan ní gbogbo ìgbésẹ̀ 8, ìyẹn 0.004 sẹ́kọ́ńdì, ti pọ̀ ju ohun tẹ́ ẹ nílò lọ, ó di àwòrán 300, kò tiẹ̀ tó 97 MB.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé dátà ṣọ́ọ̀tì yẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìparí ẹ̀. Kóòdù kan náà ni o, kò sí ohun tó yí padà nínú ìdọ́gba ìgbì tí aago bá ń ká sẹ́yìn, ohun tó yàtọ̀ ni pé dípò Ricker lójú kan, ẹ máa da ohun tí rìsífà 401 gbọ́ ní ìgbésẹ̀ k sí ojú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, k bẹ̀rẹ̀ láti 2399, ó ń bọ̀ wá sí 0. Ní gbogbo k tó bá pín sí 8 láì ṣẹ́kù, ẹ mú àwòrán tẹ́ ẹ fi pamọ́ fún k yẹn gan-an, ẹ fi sọ ti ìsinsìnyí dipúpọ̀ ní pọ́ìntì kọ̀ọ̀kan, ẹ rò ó mọ́ àwòrán ìparí. Lápá kejì, ẹ máa ro agbára ìgbì àkọ́kọ́ jọ, ìyẹn òun lọ́nà ara ẹ̀.

k méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Tí ọ̀kan bá fi ìgbésẹ̀ 8 ṣíwájú èkejì, kóòdù ò ní pariwo, àwòrán á jáde, ṣùgbọ́n gbogbo ìpele á ti sún kúrò nípò.

Tẹ́ ẹ bá ya àwòrán ṣọ́ọ̀tì kan péré, ẹ máa rí ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ káàkiri, ẹ má bẹ̀rù, torí ṣọ́ọ̀tì kan ò mọ apá ibi tí ìgbì ti wá. Nígbà tí 41 bá péjọ, èyí tó jẹ́ òótọ́ á gbe ara wọn lẹ́sẹ̀, èyí tí kì í ṣe òótọ́ á pa ara wọn rẹ́. Ẹ pín àròpọ̀ gbogbo àwòrán sí àròpọ̀ agbára, pẹ̀lú nọ́ńbà kékeré kan nísàlẹ̀ kó má bàa pín sí òdo, kí ìsàlẹ̀ tí ìgbì ò fi bẹ́ẹ̀ dé lè hàn. Lẹ́yìn ẹ̀, Laplacian lẹ́ẹ̀kan lórí àwòrán láti lé àbàwọ́n fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ́kù lókè lọ. Gbogbo ẹ̀ pátá, ṣọ́ọ̀tì 41 lọ àti bọ̀, kì í sábà tó wákàtí kan.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ẹ mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́

Ẹ̀kọ́ tó ṣe kókó jù nìyí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fò ó.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwòrán tó tọ̀nà. Ìlà kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ ní 300 mítà. Ìlà kejì tó ń dagun láti 500 lọ sí 750. Láàárín, ní 420 mítà, ẹyọ kékeré tó dúró bí èso kan. Ẹ fi pamọ́.

Ẹ wá mú eré tó ti dán yẹn, ẹ fi 0.9 sọ ọ́ dipúpọ̀, ẹ tún RTM ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Dátà ò yí padà o. Ìlà 300 mítà á gòkè wá sí nǹkan bí 270. Àpáta á gòkè pẹ̀lú. Ẹyọ yẹn ò ní jẹ́ ẹyọ mọ́, ìlà tó dorí kodò á jáde lára ẹ̀, ìrù ẹ̀ ń wò sísàlẹ̀ lápá méjèèjì, bí ẹnu ẹni tí inú ń bí. Ẹ tún fi 1.1 ṣe é: 300 á sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 330, ẹyọ á wá ya ẹnu sókè, á máa rẹ́rìn-ín. Ìgbà tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀rín yẹn nínú àwòrán dátà gidi, níbi tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ìdáhùn fún yín, ẹ ti mọ̀ pé eré yín yá jù.

Ẹ tún wo ìlà 300 mítà yẹn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ṣì tẹ́, ó ṣì mọ́ kedere, kò fi nǹkan kan hàn pé irọ́ ni. Ẹni tó wo ìlà tó tẹ́ nìkan á búra. Ká ní ẹnì kan fẹ́ gbẹ́ ihò débẹ̀ tẹ́ ẹ wá fún un ní 270, ó máa ra páìpù dé ibẹ̀, ó máa kó rígì wá, mítà ọgbọ̀n á ṣì kù, owó ti tán, orúkọ yín ló máa máa dá.

Ọ̀nà tá a fi ń mú irú irọ́ bẹ́ẹ̀ nìyí: ẹ má rò gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ya àwòrán lọ́tọ̀ fún dátà tí rìsífà ẹ̀ súnmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti lu ilẹ̀, ọ̀tọ̀ fún èyí tó jìn díẹ̀, ọ̀tọ̀ fún èyí tó jìn gan-an, kí ẹ wá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú ibì kan ṣoṣo. Tí eré bá tọ̀nà, ìpele kan náà á wà ní jíjìn kan náà nínú gbogbo wọn. Tí eré bá lọ́ra jù, á máa gòkè bí rìsífà ṣe ń jìn. Tó bá yá jù, á máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ tún eré ṣe títí wọ́n á fi tẹ́. Èmi ò kí ń gba àwòrán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí kò bá lè fi èyí hàn mí, bó ṣe wù kó rẹwà tó.

Nǹkan kan tún wà. Nínú ìpele àárín, 2600 pín sí 20 Hz, gígùn ìgbì jẹ́ mítà 130, ìdá mẹ́rin ẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mítà 32. Ohun tó bá tín ju ìyẹn lọ, ojú ìgbì ò lè ya òkè ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìsàlẹ̀ ẹ̀. Torí náà tẹ́nì kan bá gbé àwòrán 20 Hz wá tó ní òun rí bítúmẹ́nì tó nípọn mítà márùn-ún lábẹ́ oko bàbá yín, kẹ́ ẹ fẹ́ lọ tà á, ẹ rọra.

Láti ibí lọ sí dátà gidi

Kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ fi kóòdù yín dán Marmousi wò. Ilé iṣẹ́ ìwádìí epo ilẹ̀ Faransé, IFP, ló ṣe é lọ́dún 1988, wọ́n wo agbada Kwanza ní Àǹgólà fi ṣe é, ìbú 9.2 kìlómítà, jíjìn 3 kìlómítà, eré ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1500 lọ dé 5500. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìpele ibẹ̀ ṣẹ́, wọ́n wọ́, wọ́n gun ara wọn, tí kóòdù yín bá ní àléébù kankan, ibẹ̀ ló ti máa jáde. GPU ọ̀fẹ́ Colab á wúlò nígbà yẹn. Ẹni tó bá ti sú láti kọ kóòdù fúnra ẹ̀ lè lo sọ́fítíwià Devito tàbí Madagascar, ọ̀fẹ́ làwọn náà.

Dátà gidi máa ń wá nínú fáìlì SEG-Y: báìtì 3200 àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀, 400 tó tẹ̀ lé e jẹ́ nọ́ńbà, lẹ́yìn náà tréèsì (ohun tí rìsífà kan gbọ́) kọ̀ọ̀kan ní orí báìtì 240 tiẹ̀. segyio tàbí ObsPy á kà á fún yín. Ẹ yẹ ibi tí wọ́n kọ pé ṣọ́ọ̀tì àti rìsífà wà wò dáadáa, ẹ fi wé ìwé tí wọ́n kọ lóko, torí àṣìṣe ibẹ̀ pọ̀ ju àṣìṣe kóòdù lọ.

Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ sóko pẹ̀lú òòlù àti páànù irin, ẹ jí lọ ní kùtùkùtù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ṣàgámù sí Benin, tí tírélà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, jìófóònù á máa gbọ́ tírélà, kò ní gbọ́ òòlù. Ẹ lù ú lẹ́ẹ̀mẹwàá lójú kan, ẹ rò wọ́n pọ̀. Ìgbì ojú ilẹ̀ tó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́, bíi 300 mítà láàárín sẹ́kọ́ńdì, máa lágbára ju ohun tẹ́ ẹ ń wá lọ. Ní 20 Hz gígùn ẹ̀ jẹ́ mítà 15, torí náà jìófóònù ò gbọ́dọ̀ jìn síra ju mítà 7.5 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní lè yọ ọ́ kúrò. Kóòdù wa yìí ò sì mọ ìgbì ojú ilẹ̀ rárá, dandan ni kẹ́ ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó gbé dátà fún un. Ilẹ̀ pupa òkè àti yanrìn gbígbẹ lè lọ́ra tó 500 mítà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé 100 Hz níbẹ̀, ìgbì mítà 5 ni, dx di mítà 1, dt á sì sọ̀ kalẹ̀ wá sí nǹkan bíi 0.00012 tí àpáta 5000 bá wà nísàlẹ̀. Ẹ tún ìṣirò ìgbésẹ̀ kẹta ṣe, ẹ má gbé nọ́ńbà mi sórí ilẹ̀ yín.

Eré àkọ́kọ́ fún dátà gidi, ẹ mú un láti aago tí ìgbì kọ́kọ́ dé rìsífà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi tomography yí i padà sí eré. Àwọn kan á sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lo full-waveform inversion, FWI, tí Tarantola gbé jáde lọ́dún 1984, kí kọ̀ǹpútà wá eré fúnra ẹ̀. Ó dára gan-an, kóòdù tẹ́ ẹ ti kọ yìí náà ni ìpìlẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n FWI fẹ́ fríkúẹ́ńsì ìsàlẹ̀, torí tí ìgbì tẹ́ ẹ ṣírò àti èyí tẹ́ ẹ gbà bá fi ju ìdajì ìyípo kan lọ yàtọ̀ síra, á lọ so ara ẹ̀ mọ́ ìyípo tí kì í ṣe tiẹ̀, kò sì ní mọ̀. Jìófóònù 14 Hz àti òòlù ò fi bẹ́ẹ̀ fún yín ní nǹkan gidi nísàlẹ̀ 10 Hz. Tó bá jẹ́ irú dátà bẹ́ẹ̀ lẹ ní, ẹ dúró sórí tomography, ẹ ṣe RTM, ẹ tò àwòrán rìsífà tó súnmọ́ àti tó jìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ tún eré ṣe, ẹ tún un rán. Tẹ́ ẹ bá rí jìófóònù 4.5 Hz yá lọ́wọ́ ẹnì kan, a ó tún ọ̀rọ̀ FWI sọ.